Ojú Tí Ilé Kò Mọ̀ Mọ́

“Màmá, ẹ lajú.”

“Mo ti là á.”

“Ẹ là á dáadáa, mà.”

“Dókítà, ibi tó mọ nìyẹn. Bí mo bá tún là á jù báyìí lọ, ọpọlọ mi ni wàá máa wò.”

Ẹ̀rín gbọ̀n Dókítà Ẹniafẹ́ léjìká, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Ọlọ́wọ́-tínrín dúró sí, ẹ̀rọ tó ń rán ẹran ara, tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Ó di òwú mú sókè, ó ń retí àṣẹ. Lórí ibùsùn ni Màmá Ọmọ́yẹni dùbúlẹ̀ sí, ìyá arúgbó tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ti la ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ iná, síbẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dirun fún.

Wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ tó mú ibẹ̀ kú, ṣùgbọ́n wọn kò kùn ún lóorun, nítorí pé irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún gbọ́dọ̀ máa dáhùn. Dókítà á rán díẹ̀, á ní kó lajú. Á tún rán díẹ̀, á ní kó wòkè. Èyí tẹ́ Màmá lọ́rùn gan-an ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí ibi tó dùbúlẹ̀ sí tí ẹnu rẹ̀ sinmi.

“Kí lò ń wò níbẹ̀ tí o dákẹ́?” ó bi Dókítà.

“Ọ̀rá ni, mà. Ọ̀rá wà nínú kòtò ojú gbogbo wa. Òun ni tìmùtìmù tí ẹyin ojú jókòó lé.”

“Ọ̀rá. Èmi tí gbogbo àdúgbò ní mo ti gbẹ bíi panla. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọmọ mi tó wà níta pé ìyá rẹ̀ ṣì lọ́ràá níbì kan.”

Àìsàn náà kò dun Màmá rí, ìdí nìyẹn tí kò fi kà á sí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kàn ń wálẹ̀ ni, lọ́dọọdún, bí aṣọ fèrèsé tí ìkọ́ rẹ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gbé irun òkè ojú sókè kó tó lè ríran, títí iwájú orí rẹ̀ fi hunjọ. Nígbà tó yá, ó ń gbé àgbọ̀n sókè, àwọn tí kò mọ̀ sì ń sọ pé obìnrin yìí ń gbéra ga lọ́jọ́ ogbó. Nígbà tó burú tán, ìka ló fi ń gbé ìpéǹpéjú kó tó mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé Moyọ̀, ọmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, lọ́wọ́, kò rí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣubú síwájú. Akínfọlárìn ọmọ rẹ̀ ló gbá òun àti ìkókó mú kí wọ́n tó kan ilẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Màmá gbà pé kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ Dókítà. Ìkókó náà ti pé oṣù mẹ́rin nígbà náà, Màmá kò sì tíì rí ojú rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń rí lónìí, imú lọ́la.

“Màmá, iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú yín kò ṣàárẹ̀ rárá,” ni Dókítà wí. “Ibi tó so mọ́ ló tú. Mo ti rí i, mo ti fà á jáde. Ó ku kí n so ó padà. Ibi tí màá so ó mọ́ ni mo fẹ́ bi yín.”

“Ṣé èmi ni mo lọ sílé ìwé dókítà ni?”

“Rárá, mà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ nilé.”

Màmá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì ti ń sá fún un láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wá.

Àwọn ará ìlú mìíràn ń fi ẹnu pàṣẹ fún ilé wọn, bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ní Òkè-Àpáta, níbi tí àwọn ará etíkun kó gòkè wá nígbà tí òkun gba ilẹ̀ wọn, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ gbáà ni wọ́n ka ìyẹn sí. Ta ló ń fi ẹnu sọ fún ọmọ, níwájú àlejò, pé kí ó má gba ẹran lọ́wọ́ àlejò? Ojú ni wọ́n fi ń wí i. Ọmọ tó bá gbọ́n á wo ojú ìyá rẹ̀, á gbé ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, “Ẹ ṣé, mo ti yó,” bí ebi tilẹ̀ ń pa á kú lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé ọlọ́gbọ́n wọn, wọ́n fi Amojú sínú ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ilé lè mojú bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa ṣe ń mojú. Onílé á wo ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn á ṣí. Á wo àlejò, á wo àga, àga á sún wá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ni Amojú ń gbọ́ràn sí, ìyẹn àgbà ilé, nítorí ilé tó bá ń wo ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní mọ ti ẹni tí yóò ṣe.

“Bí mo bá so ó síbi tó yẹ,” ni Dókítà ń bá a lọ, “ẹ máa ríran bí ìgbà tí ẹ wà lọ́mọge. Àmọ́ Amojú yín lè má dá yín mọ̀. Ojú tó ti wálẹ̀ yìí ló mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá so ó sísàlẹ̀ díẹ̀, á dá yín mọ̀, wàhálà ò ní sí, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú á ṣì bo ìdajì ọmọ ojú yín.”

“O ò sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀.”

“Mo sọ ọ́, mà. Ẹ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ọ̀la ba oúnjẹ òní jẹ́.”

Òótọ́ ni, bó ṣe wí i gan-an nìyẹn. Òfin ìlú sì yé Màmá ju bó ṣe ń díbọ́n lọ. Ojú tí abẹ bá ti kàn, ojú àlejò ni nínú ilé ara rẹ̀. Awò dúdú ni wọn yóò fi bò ó títí aṣojú Ọ́fíìsì Ojú yóò fi wá dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń dán an wò. Bí ilé bá gbọ́ ẹyọ kan péré, ojú ti di ojú ilé padà. Bí kò bá gbọ́ ìkankan, àṣẹ ilé ti kúrò lọ́wọ́ ẹni náà títí ayé, ó di ti àkọ́bí rẹ̀.

Akínfọlárìn sì ni àkọ́bí. Ọmọ dáadáa ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe “rárá.” Nígbà kan tí Màmá rìnrìn àjò tó fi àṣẹ sílẹ̀ fún un fúngbà díẹ̀, ó padà dé ó bá ewúrẹ́ aládùúgbò lórí òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí wọ́n ti ń sin ẹja níbẹ̀. Ó wọ yàrá, ó bá ọkùnrin kan tó fi aṣọ ìbora òun bora, tó ń hanrun. Nígbà tó bèèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, Akínfọlárìn ní òun náà ti ń fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun láti jí i.

“Dókítà, ṣé kò sí ọgbọ́n tí o lè dá sí Amojú yẹn?”

“Kò sí, mà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Amojú kì í wo ojú nìkan. Ẹni tí ojú ń bá wí ló ń wò jù. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ yín ló ń ṣọ́. Bí ẹ bá wo ọmọ, tí ọmọ gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹran, ó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ pé ‘má mú un’ nìyẹn.”

“Àwọn ọmọ tó ṣọ́ nígbà náà ti hewú báyìí.”

“Ẹ̀n, mà,” ni Dókítà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Òwú ṣì wà lọ́wọ́ Ọlọ́wọ́-tínrín. Àyà Màmá ń já. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti já a láyà bẹ́ẹ̀, ó sì bí i nínú pé nǹkan tí kò ju fífẹ̀ èékánná lọ, bóyá kí wọ́n so iṣan mọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀, ló fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Kí ni àgbà tí ilé rẹ̀ kò gbọ́ràn sí? Kí sì ni àgbà tí kò mọ ojú ọmọ tó gbé jó?

“Gbé mi jókòó,” ó wí. “Kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sẹ́yìn gíláàsì.”

Dókítà gbé ibùsùn náà dìde, nítorí pé ó tilẹ̀ yẹ kó jókòó kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú méjèèjì ṣe déédéé. Ọlọ́wọ́-tínrín fi òwú fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, kò sì tíì ta kókó. Tẹ́niọlá, ọmọ Akínfọlárìn, gbé ìkókó rẹ̀ sún mọ́ gíláàsì láti òdì kejì. Oògùn àti omi ojú ti dí Màmá lójú, kò rí ju aṣọ funfun kan àti ohun kékeré tó ń jà ràpà nínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó rí gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, láìfi ìka gbé nǹkan kan.

“So ó síbi tó yẹ,” ó wí.

“Ṣé ó dá yín lójú, mà?”

“Ọmọ mi, ta kókó rẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà.”

Bí wọ́n ṣe délé ni wọ́n ti rí i pé awò dúdú náà kì í ṣe eré. Ọ́fíìsì Ojú ti tì í mọ́ ọn létí, aṣojú wọn nìkan ló ní ohun tó lè tú u. Akínfọlárìn ló ń bá a di àṣẹ mú títí ọjọ́ ìdánwò. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà tàánútàánú tó bẹ́ẹ̀ tí Amojú ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. Àwọn tó ń ta ọṣẹ wọlé, àwọn oníwàásù wọlé, ọkùnrin kan wọlé tó ní ilé kejì lòun ń wá, ó sì jẹun kó tó jáde. Màmá jókòó sínú òkùnkùn rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí kò mọ̀.

“Màmá,” Akínfọlárìn wí lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dun òun náà, “mi ò fẹ́ àṣẹ yìí o. Ó ń rẹ̀ mí.”

“Èmi náà ò fẹ́ kó o ní in. Ṣùgbọ́n ta ló bi wá?”

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Ọ̀gbẹ́ni Lógunlẹ́kọ̀ dé láti Ọ́fíìsì Ojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń ta kángbá. Àpótí orí okùn tó ń gbé èèyàn gòkè ti dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ló sì fi gun òkè láti ìsàlẹ̀ ìlú. Òógùn bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, ó sì yọ àwo ìdájọ́ rẹ̀ jáde, nǹkan pẹrẹsẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

“Mà, bí mo bá ti tẹ èyí, ó parí nìyẹn. Kò ṣeé pa dà. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mi ò gbọdọ̀ fi oúnjẹ ilé yìí kan ẹnu. Omi nìkan ni wọ́n gbà wá láyè.”

“Kí ló dé?”

“Òfin ni, mà. Bí mo bá jẹun, ìdánwò ti fọ́. Àṣẹ á wà lọ́wọ́ yín di ọdún tó ń bọ̀ tí wọ́n máa tún un ṣe.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Èmi ní tèmi, màá lọ wá iṣẹ́ mìíràn.”

Akínfọlárìn, tó dúró sẹ́yìn àga ìyá rẹ̀, wúkọ́.

Lógunlẹ́kọ̀ tú awò dúdú. Màmá ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ wọlé láti gbogbo ọ̀nà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣì wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó ń lọ sókè ó ń wálẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ó kọ́kọ́ wo ògiri.

“Ta ló fi irú ọ̀dà yìí kun ilé mi?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá,” Tẹ́niọlá dáhùn. “Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà.”

Lẹ́yìn náà ló wá wo Moyọ̀. Ìkókó náà wà nínú ibùsùn ìrọ̀kẹ̀ tó so rọ̀ lára irin òkè àjà, tí Amojú máa ń tì síwá sẹ́yìn. Màmá rí iwájú orí rẹ̀ tó yọ síta bíi ti bàbá-ńlá rẹ̀ tó ti lọ. Ó rí ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti imú, àti ẹnu tó ń tu itọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ayọ̀ gbé e lọ́kàn. Ó la ojú rẹ̀ tuntun kalẹ̀, ó sì ń fi wọ́n mu ọmọ náà.

Ibùsùn ìrọ̀kẹ̀ náà dúró gbọnyin. Ó fà sẹ́yìn. Ó gbé ọmọ náà sá lọ sí igun yàrá, ó sì yí ẹ̀yìn padà sí Màmá.

Gbogbo wọn ló yé. Láti ọdún yìí wá, ojú tó wálẹ̀, tí iwájú orí hunjọ lé lórí, ni Amojú mọ̀ sí ojú Màmá. Ìgbà kan ṣoṣo tó rí i tí ó la ojú tó báyìí, láyé ìgbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, ìbínú ni. Lójú ilé náà, obìnrin yìí ń ranjú mọ́ ìkókó.

“Ìyẹn ò sí lára ìdánwò, mà,” Lógunlẹ́kọ̀ wí kíákíá, àánú sì ń ṣe é. “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ilé fún mi lómi.”

Màmá wo ife omi tó wà lórí tábìlì, ó wo àlejò, tìfẹ́tìfẹ́. Apá irin tó wà lára tábìlì na ife náà jáde, ó ronú, ó da omi inú rẹ̀ padà sínú ìkòkò, ó sì dé e.

“Kò burú. Ẹ ní kó fún mi ní àga.”

Màmá rọ ojú rẹ̀ bó ṣe lè rọ̀ ọ́ tó. Àga sún wá lóòótọ́, ọkàn Tẹ́niọlá sì fò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni àga fi sá kúrò nídìí rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ pé Akínfọlárìn wà nítòsí tó di apá rẹ̀ mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí ìjọba ì bá kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Ó ku ẹ̀ẹ̀kan,” Lógunlẹ́kọ̀ wí, ó ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe. “Ìkẹta, ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Ẹ má kánjú, mà.”

Màmá wo ibùsùn ìrọ̀kẹ̀ tó kẹ̀yìn sí i nígun yàrá. Àga sá, omi padà, ọmọ ti lọ. Ó ti ra ojú, ó fi ilé san án. Kò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún, ó dùn ún wọra.

Akínfọlárìn ti yọ́ jáde. Ó padà dé pẹ̀lú àwo ẹja díndín, ẹja odò òrùlé wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òróró, alùbọ́sà àti ata bò ó mọ́lẹ̀. Òórùn rẹ̀ kún yàrá. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú Lógunlẹ́kọ̀, kò wo ojú ìyá rẹ̀.

“Ẹ fi pa àárẹ̀ òkè yẹn. Ẹ bù ú jẹ, ọ̀gá mi. Ó mà rẹ̀ yín o.”

Màmá wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ó ń gbọ̀n. Akínfọlárìn tó máa ń fún gbogbo ayé lóúnjẹ láìgbọ̀n. Ìgbà náà ló mọ̀ pé èyí kì í ṣe inú rere, ọgbọ́n ni. Bí ọmọkùnrin yìí bá jẹ ẹja yẹn, ìdánwò fọ́, àṣẹ á wà lọ́wọ́ òun di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ òun tí kò gbọ́n rí ti gbọ́n lónìí, nítorí òun. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí kò ní ṣe nìkan ló kù. Kó ṣáà máa wo ògiri ọlọ́dà burúkú yẹn, kó má rí nǹkan kan. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Lógunlẹ́kọ̀ wo ẹja náà. Ebi ti mú un gbàgbé òfin. Ó ti gun òkè, àga ti sá fún un, wọ́n ti gba omi lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti ń ṣàánú ìyá arúgbó yìí débi pé kò rántí ara rẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́.

Màmá rí ọwọ́ náà, ó sì rántí pé ìyá kan wà níbì kan tó ń fi ọmọ yìí yangàn, pé ọmọ òun ti ríṣẹ́ ìjọba. Kó tó pinnu, ojú rẹ̀ ti pinnu. Kò ranjú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Ẹyin ojú rọra lọ sórí àwo, ó rọra padà sójú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí Màmá kò ti lè wo èèyàn bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń kólòlò látọjọ́ yìí, nítorí ìpéǹpéjú tí kò lè gòkè kò lè sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ wálẹ̀.

Ọwọ́ Lógunlẹ́kọ̀ padà sẹ́yìn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. “Ẹ ṣé, sà,” ó wí, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ọmọ Òkè-Àpáta láti kékeré. “Mo ti yó.” Inú rẹ̀ kùn rìrì níwájú gbogbo wọn.

Màmá gbé ojú kan náà lọ bá Akínfọlárìn. Bàbá tó ti ń lọ sí ẹni àádọ́rin ọdún sún kúrò nídìí tábìlì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó wolẹ̀. Ìró kékeré kan sì jáde láti inú ògiri, bí ẹni rọra fi ṣíbí kan ife, ìró tí Amojú máa ń fi jẹ́ Màmá, tí wọn kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí Màmá ti dé láti ọ̀dọ̀ Dókítà. Apá tábìlì jáde, ó fa àwo ẹja náà kúrò níwájú àlejò, ó gbé e lọ sí ìpẹ̀kun, ó sì dúró.

“Bàbá,” Lógunlẹ́kọ̀ rọra bi Akínfọlárìn, “ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó gbé e?”

“Èmi? Èmi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́?”

Màmá rántí ọ̀rọ̀ Dókítà. Ẹni tí ojú ń bá wí ni Amojú ń ṣọ́. Ó ti tún rí ọmọ tó gbé ọwọ́ kúrò lórí oúnjẹ nítorí ojú yìí. Ó ti rí méjì pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti hewú.

“Mi ò tíì ṣe ìkẹta mi,” ó wí.

“Ẹ ṣe é, mà.”

Ó yíjú sí igun yàrá. Ó rọra gbé ìpéǹpéjú, ó wo ibùsùn ìrọ̀kẹ̀, ó wo itan ara rẹ̀. Ara Tẹ́niọlá ò gbà á mọ́, ó dìde. Ibùsùn náà kò kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà ó yí ojú padà, ìró ife tún dún nínú ògiri, ó sì ń bọ̀ lórí irin rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ṣẹ̀ tí wọ́n ti foríjì, títí ó fi dé ẹsẹ̀ Màmá.

Lógunlẹ́kọ̀ tẹ àwo ìdájọ́. Ó tàn ní àwọ̀ ewé. Akínfọlárìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

“Ó ti parí, mà. Ilé yín ni.”

Màmá wò ó, ó sì wo àwo ẹja, gẹ́lẹ́ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ti gbọ́ràn tó. Apá tábìlì gbé ẹja náà padà wá síwájú rẹ̀, ó da omi sínú ife, àga sì sún wá sábẹ́ ìdí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọwọ́ di àga mú dáadáa kó tó jókòó.

Màmá gbé Moyọ̀ sórí itan, ó ń wò ó. Ọmọ náà ń wò ó padà, ó sì na ọwọ́ sí yẹtí tó wà létí rẹ̀. Màmá mú ìpéǹpéjú wálẹ̀ díẹ̀, ó dá a dúró. Akínfọlárìn dákẹ́ ẹ̀rín, Lógunlẹ́kọ̀ dá òkèlè ẹja dúró lẹ́nu, ògiri pàápàá ń retí.

Moyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó di yẹtí náà mú, ó sì fà á kíkankíkan. Màmá tẹ orí fún un kó lè fà á dáadáa.